Ìparí Ìtàn Ìyá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló gbàgbé ìwé kan sílé wa nígbà tó wá ṣọdún. Ìtàn ilẹ̀ Japan ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò ka ìwé girama débi kankan. Síbẹ̀, tí èrò bá dá ní páàkì ọ̀kadà wa n'Ílá, màá yọ ọ́, màá máa kà á díẹ̀díẹ̀, màá fi fóònù wá ìtumọ̀ èyí tó bá le.

"Lọ́yà ọlọ́kadà!" làwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. "Ẹjọ́ ta ló kàn?"

Tó bá dìrọ̀lẹ́, màá sọ ibi tí mo kà dé fún màmá mi. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọn ò lè lọ sóko mọ́. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú ìtàn náà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó para dà di ènìyàn ni ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn ará abúlé rí ìrù ìyá yìí, ó sá lọ sórí òkè tí yìnyín bò. Ọmọ náà wá a lọ.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń kó mi ládìẹ náà?" Màmá rẹ́rìn-ín. "Òun ló wá di ìyàwó ilé?"

"Ti Japan ni, Màmá. Tiwọn gbọ́n ju tiwa lọ."

"Kò lè gbọ́n ju èyí tó jẹ àgbébọ̀ mi." Ẹ̀rín wọn wá tán. "Ọmọ yẹn máa rí ìyá rẹ̀ ṣá?"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kà á tán, mo yà sílé jẹun. Màmá ní kí n parí rẹ̀ fáwọn.

"Màmá, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án."

"Ìwé nìyẹn, kì í ṣe àlọ́. Ṣé àwọn tíṣà kì í kàwé lọ́sàn-án ni?"

Màmá fúnra wọn ló kọ́ mi ní kékeré pé ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Bí mo ṣe ń wo bí wọ́n ṣe ń mí gúlegúle lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ò gbà á.

"Ẹ jẹ́ kó dìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa, ìrọ̀lẹ́." Wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo gbé èrò lọ sí Òkè-Ìlá. Ìgbà tí mo fi dé, obìnrin ilé kejì ti fi ìró bò wọ́n lójú.

Gbogbo ará ilé ló ń sọ pé mi ò ṣe ohun tó burú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ yẹn rí ìyá rẹ̀. Ìyá náà ò dá a mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ká ara yí i ká nínú òtútù, ó jẹ́ kó sùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn lè sọ ọ́ tán lórí ìdúró.