Òdo Daddy

Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú bàbá ará Ireland kan nínú fúláàtì kánsù ní Peckham, ọdún mẹ́ta náà ni mo sì fi ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Daddy ni mo ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ní àwọn ò bímọ rí o. Mo ní tiyín nìyẹn, èmi ò lè pe àgbàlagbà lórúkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀.

Hurling ni ọ̀rọ̀ wọn ṣáá: eré tí àwọn ọkùnrin ń fi igi pẹlẹbẹ gbá bọ́ọ̀lù kékeré bí ẹni ń lé ejò. Wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ abúlé ló ń gbá a fún abúlé rẹ̀. Abúlé Daddy kò gba ife kọ́ńtì, ìyẹn ife gbogbo agbègbè wọn, rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí Daddy. "Kó ṣáà ṣojú mi kí n tó kú," ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á wá máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ayò, èmi á máa ní "Yes, Daddy," ojú mi á sì wà lórí fóònù.

Lọ́dún tó kọjá, abúlé yẹn dé àṣekágbá. Àmọ́ Daddy ti dùbúlẹ̀ nígbà yẹn, ojú wọn ò ríran mọ́, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wa pé kò ní pẹ́. Ọ̀sán Sunday ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Walworth, mo ká aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì mi sínú báàgì, mo jókòó tì wọ́n, mo ń wo fóònù. Iye ayò nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀.

Nígbà tí eré parí, ohun tí mo rí nìyí: abúlé Daddy, 0-22, àwọn kejì, 1-18. Òdo! Ta ló ń gbá òdo wọlé kó borí ẹni tó gbá ọ̀kan? Mo rò pé iye fáwùlù ni nọ́mbà tó tẹ̀lé e.

Nílé wa, a kì í sọ irú ìròyìn búburú bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Nígbà tí àbúrò màmá mi kú, oṣù kan gbáko la fi ń sọ fún màmá àgbà pé ó rìnrìn àjò. Nítorí náà, nígbà tí Daddy bèèrè pé ṣé wọ́n ti parí, mo ní rárá. Wọ́n tún bèèrè.

"Extra time ni, Daddy."

Nígbà kẹta, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Ṣé wọn ò tíì parí ni?"

"Ó ku díẹ̀. Ẹ sinmi."

Wọ́n sinmi lóòótọ́. Mo di ọwọ́ wọn mú títí ó fi tutù.

Mo ṣì ń sunkún nígbà tí fóònù ilé dún. Ọmọ àbúrò wọn obìnrin ló ń pè láti pápá, àwọn èèyàn ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. "A ti gbà á! Point kan la fi borí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sí wọn létí!"

Mo ní, "Ṣebí òdo lẹ ní?"

"Rárá o! Iye goal ló ṣáájú, point ló tẹ̀lé e; goal kan sì jẹ́ point mẹ́ta. Mọ́kànlélógún ni tiwọn, méjìlélógún ni tiwa!"

Ohun tí Daddy ti ń ṣàlàyé fún mi láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Inú bí mi sí ara mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Mo wá sọ fún un pé Daddy ti lọ. Ó sunkún, orin yẹn ò sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ó bi mí, "Ṣé wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó lọ?"

Mo wo ojú Daddy.

"Wọ́n gbọ́," mo ní. "Èmi ni mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Títí di òní ló ṣì ń pè mí láti dúpẹ́, mo sì ń jẹ́ kó máa dúpẹ́.