Agolo Tó Bo Ohùn Bàbá Mọ́lẹ̀

Bí ẹ bá ní fáànù tó ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ níru, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alágolo ni kí ẹ gbé e lọ. Kò ní kọ́kọ́ tú u. Yóò ní kí ẹ dákẹ́, yóò dẹ etí sí i, lẹ́yìn náà yóò fi ìka kan tọ́ka síbi tó ń dùn ún. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bàbá ti dàgbà báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jáde mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ara ṣì le, òun ló fi bàbà ṣe agolo mẹ́fà tí obìnrin yìí ń tọ́jú, tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Agolo yẹn kì í ṣe ti mílíìkì o. Ó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Inú yàrá kékeré kan lókè ilé àwọn ẹgbẹ́ onírédíò ló wà, àwọn ènìyàn tó ń fi rédíò kíra wọn láràárọ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní rípítà ló ń gba ohùn ẹni tí rédíò rẹ̀ kéré, tó sì ń fi agbára tún un sọ kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Bó ṣe ń gbọ́ náà ló ń sọ, orí eríàlì kan náà. Agolo mẹ́fà yẹn ni asẹ́ tí kì í jẹ́ kí ohùn tó ń jáde bo èyí tó ń wọlé mọ́lẹ̀.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta, ariwo kan wọ inú ẹ̀rọ náà, kàrà-kàrà, bí ẹni ń dín ẹyin. Àwọn tí rédíò wọn lágbára kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ti Bàbá kéré, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló sì wà, kò lágbára kankan. Ó ń gbọ́ wọn kedere, àwọn ni kò gbọ́ ọ. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó tún kí wọn, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Nígbà tó yá, ó pa rédíò náà.

"Wọ́n ti gbàgbé mi," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kò burú. Àgbà tó ti jókòó sílé, ta ni yóò máa dá a lóhùn?"

"Bàbá, agolo ló ń dà yín láàmú, kì í ṣe ènìyàn."

"Agolo tí mo fọwọ́ ara mi ṣe? Má fi agolo mi bò wọ́n láṣìírí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Alágolo wọra. Ẹni tó bá ti gbà pé wọ́n ti kọ òun sílẹ̀, bó bá pẹ́ jù, kò ní gbà pé irọ́ ni mọ́. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó dìde.

Télọ̀ tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé ẹgbẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, eríàlì ni," ó ní. "Gbogbo wa la ti fẹnu kò sí i."

Ìyá Alágolo yọ wáyà eríàlì, ó fi ohun èlò kan rọ́pò rẹ̀ tó máa ń gbé agbára ẹ̀rọ mì láìjẹ́ kó jáde síta. Ó ní kí Télọ̀ máa fi rédíò kékeré sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ariwo bí ẹyin dídín náà ṣì ń dún. Ọ̀rọ̀ eríàlì parí síbẹ̀. Ó dín agbára ẹ̀rọ kù, ariwo dákẹ́. Ó dá a padà, ariwo dé. Ó wá mọ̀ pé níbì kan nínú agolo, irin kan kò di èkejì mú dáadáa, iná sì ń ta láàárín wọn.

Ó yí ìdí sukurudiráfà, ó ń fi kan àwọn agolo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àkọ́kọ́ dákẹ́, èkejì dákẹ́. Ẹ̀kẹta fọhùn: kàrà!

"Ìwọ rèé," ó ní.

Nígbà tó ṣí i, ó rí àwọn ìka bàbà tín-ín-rín tó yẹ kó dì mọ́ ọ̀pá àárín agolo náà. Wọ́n ti dúdú, ohun kan sì ń yọ̀ lára wọn. Ó fi imú sí i. Ó pe Télọ̀ wá sókè.

"Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, epo máṣíìnì yín lẹ kán sí i, àbí?"

Télọ̀ họ orí. "Ọ̀pá tó yọrí lókè agolo yẹn le nígbà tí mo ń nu yàrá. Mo ní kí n fún un lépo díẹ̀ kó lè máa yí geere. Ẹ̀rọ wo ni kì í fẹ́ epo?"

"Èyí tí iná ń gba ara rẹ̀ kọjá ni!" Inú bí i, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọkùnrin náà, ẹ̀rín pa á. "Ó dáa. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Ẹ bá mi wá spírítì."

Epo ló fa eruku, eruku ló bọ́ sáàárín ìka àti ọ̀pá. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún. Kò fi pépà oníyanrìn kàn án, kó má baà ha fàdákà tí Bàbá fi bo inú rẹ̀. Àwọn ìka tó ti rọ̀, ó gé tuntun rọ́pò wọn, ó fi léèdì jó wọn mọ́ àyè wọn. Bó ṣe ń ṣe é, ó ń wo ojú ibi tí bàbá rẹ̀ ti jó agolo náà láti ìgbà tí òun wà lọ́mọge. Kò sí èyí tó là. Orí rẹ̀ wú. Iṣẹ́ ẹni tó bí i nìyí, ọwọ́ òun náà sì rèé lórí rẹ̀.

Ó dé agolo náà padà, ó rọra ń yí ọ̀pá títí ọwọ́ mítà fi dúró síbi tó fẹ́. Ó fi ìdí sukurudiráfà kàn án. Kò fọhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tan rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kí wọn."

"Kí wọ́n tún lè dákẹ́ sí mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Nítorí tèmi."

Bàbá tẹ bọ́tìnnì. "Ẹ káàárọ̀, gbogbo ilé."

Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tán tí ohùn fi ń gorí ohùn. "Bàbá! Ẹ káàárọ̀ o!" "Níbo lẹ wọlé sí? A ti ń retí yín!" "Ṣé ara le?"

Bàbá wo rédíò náà, ó wo ọmọ rẹ̀, tó ti kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omi ojú rẹ̀. Ó tún tẹ bọ́tìnnì.

"Ta ló tún ẹ̀rọ yìí ṣe?"

Télọ̀ ló yára jù láti dáhùn lórí rédíò. "Ọmọ yín ni o, Bàbá! Ìyá Alágolo ni!"

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Kí ẹnìkan lè sọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín ni mo ṣe béèrè."