Gààrí Tó Ń Dà Bí Omi

Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Glei, mo gbé omi, epo pupa, òkúta àti gààrí wá sí kíláàsì, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀ láàárín ohun líle àti ohun tó ń ṣàn. Mo ní kí wọ́n da ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ife kan sí òmíràn.

Nígbà tó kan gààrí, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta gààrí lẹ́bàá títì wò mí.

"Madáàmù, ó ń dà bí omi ṣe ń dà. Ṣé ohun tó ń ṣàn ni?"

Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Mo ní kó da omi àti gààrí sórí tábìlì. Omi tàn ká, ó ń kán sílẹ̀. Gààrí dúró bí òkìtì. Ọmọ náà mú hóró kan níbẹ̀, ó fi eyín rún un.

"Ó le," ló wí. "Òkúta kéékèèké ni wọ́n. Wọ́n kàn pọ̀ ni."

Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sójú pátákó. Lọ́jọ́ kejì, ó di iyọ̀ wá látilé, ó ní ká yẹ ìyẹn náà wò.