Ẹ̀gbà Tí N Kò Lè Kọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ èyí lórí fóònù, nítorí ó kù díẹ̀ kí n pàdánù ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ó ti pẹ́ tí ìka mi ti máa ń kú bí mo bá sùn. Màá gbọn ọwọ́, á sì padà bọ̀ sípò. Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ṣe tísà títí mo fi fẹ̀yìn tì ló ń gbẹ̀san. Nígbà tó yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ife tíì sì ń já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé rọpárọsẹ̀ kọ́ nìyí? Mo pinnu pé ọsibítù yá.

Àfi bí àbúrò obìnrin tí ọkọ mi olóògbé ní ṣe wọlé láti Gowon Estate. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ilé ni mo bá a, ọkọ ló jẹ́ fún mi. Òun náà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà kan pé obìnrin tó kàwé kì í mọ ọbẹ̀ sè. N kò gbàgbé.

Ó fọwọ́ kan ìka mi. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ ò débí mọ́. Bàbà ló máa fà á wá.” Ó bọ́ ẹ̀gbà bàbà ọwọ́ rẹ̀, ó fi òróró tì í wọ ọrùn ọwọ́ mi.

Mo ní ó fún jù.

“Kó lè ṣiṣẹ́ ni. Àbí ìwé tó o kà ti ní kó o má gbọ́ tọkọ mọ́?”

Mo fi orúnkún tó ń dùn mí kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọwọ́ ti wú bo ẹ̀gbà náà mọ́lẹ̀. Ìka ń dúdú. Mo fi ọṣẹ pa á, kò bọ́. Mo fi eyín gé ìka kan jẹ, n kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Mo pe Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó ní kí n má bọ́ ọ, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dé yẹn.

Aládùúgbò mi ló fi mọ́tò gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ìgàndò. Mo gbé ọwọ́ náà lé itan bí ẹrù ẹlòmíràn. Mo ń rò ó pé báwo ni màá ṣe máa ró ìró? Ta ni yóò máa wẹ̀ mí?

Irinṣẹ́ ni wọ́n fi gé ẹ̀gbà náà kúrò. Dókítà ní, “Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ń dé ìka tẹ́lẹ̀. Iṣan tí ìka fi ń mọ nǹkan lára ni nǹkan tẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, òun ló ń jẹ́ kí ìka máa kú, kó sì máa ṣe bíi pé ó tutù. Ẹ wá de irin mọ́ ọn. Irin yẹn gan-an ló dínà ẹ̀jẹ̀.” Ó ní ká ní ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá a lọ́wọ́ mi, òun kò ní lè ṣèlérí ìka kankan.

Láràárọ̀ báyìí, kí n tó gbàdúrà, mo máa ń fi ìka ọ̀tún kan bẹ́ẹ̀dì wò. Àtàǹpàkò ti ń mọ̀ ọ́n lára. Ìka tó tẹ̀ lé e kò tíì dáhùn.

Ìdílẹ̀kẹ̀ pè lánàá. Kò béèrè ọwọ́. Ó ní ẹ̀gbà òun ńkọ́? Mo ní kó wá mú un, ó ti di méjì.

Bí ọwọ́ yín bá ń kú, ẹ má so ohunkóhun mọ́ ọn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò lè kọ̀ fún ló gbé nǹkan wá, ẹ kọ̀ fún un. Ta ló ti fi ọ̀wọ̀ tí ẹ ń bù fún un ṣe yín léṣe rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.