Ọgbà Làpálàpá Sàláwù

Ṣàkírátù kò gé igi rí láti ọjọ́ tó ti wọ Ouagadougou. Sàláwù ọkọ rẹ̀ ló gbin làpálàpá yí ilé wọn ká ní àdúgbò Pissy, òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀ títí ikú fi mú un lọ. Ọdún kẹta rèé. Ọgbà ti di igbó. Àfòmọ́ gùn ún, ewúrẹ́ tẹ̀ ẹ́ já, àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta sì sọ ibi tó já di ọ̀nà àbùjá.

Àfi bí ará mérì kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú, ṣe yọjú. Wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ àdúgbò.

"Ẹ ò ní ìwé, d'accord, kò burú. Ibi tí ọgbà tó yè bá dé ni ilẹ̀ yín dé. Ibi tó bá ṣí sílẹ̀, ọ̀nà ni. Mò ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá."

Ibi tó ṣí sílẹ̀ sì rèé, iwájú yàrá tí Sàláwù kú sí gan-an ni.

Ni opó bá gbé àdá láti tún ọgbà náà ṣe. Ó ń gé, ó ń sunkún, ó ń bú òkú: "Sàláwù, o lọ sinmi, igbó lo fi jogún fún mi!" Oje igi ta sí i láṣọ, àbàwọ́n tí ọṣẹ kì í ká.

Monique, ọmọ Kétu tó ń gbé ilé kejì, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Kàmíl, ṣé igi lẹ ń gé, àbí irun ọmọ ìkókó lẹ ń fá?"

"Ẹni tó lẹ́nu tó báyìí yóò lọ́wọ́. Wá bá mi fà á!"

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ri ẹ̀ka tútù mọ́lẹ̀ níbi tó já. Wọ́n ń bomi rin ín láàárọ̀, lálẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ewé yọ. "Barka!" ni Monique kígbe, ó ń dúpẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ewé rọ. Ṣàkírátù fa ọ̀kan tu: ìdí rẹ̀ ti rà, ó ń rùn.

Ìgbà yẹn ló tó rántí. Sàláwù kì í gbin ẹ̀ka lọ́jọ́ tó bá gé e. Ara ògiri ni yóò fi tì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí oje rẹ̀ tó dà bíi wàrà gbẹ. Ṣàkírátù a sì máa fi í ṣẹ̀sín: "Igi náà ń sinmi bíi ti olówó rẹ̀!"

Ní ọjọ́ kẹwàá, ará mérì dé pẹ̀lú ọ̀dà. Ó fa igi kan, ó yọ wọ́ọ́rọ́ bíi ṣíbí nínú ẹ̀kọ. Ṣàkírátù lọ dúró sójú ihò náà.

"Èmi ṣì yè. Ẹ kà mí mọ́ ọgbà!"

"Ìyá, ẹ má bínú." Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó fa àgbélébùú pupa sára yàrá Sàláwù, àmì pé wọn yóò wó o fún ọ̀nà.

Nígbà tó lọ tán, opó náà gé ẹ̀ka tuntun mẹ́jọ. Ó fi wọ́n ti ògiri lábẹ́ ọ̀dà pupa tí kò tíì gbẹ, ó sì jókòó tì wọ́n, ó ń dúró kí wàrà wọn gbẹ.