Ìrẹsì tí kò lókùúta

Olùkọ́ wa ní yunifásítì yìn mí lónìí, mi ò sì lè jẹun látìgbà náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún gúrúùpù kọ̀ọ̀kan ni pé ká wá bí òkúta ṣe máa kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Àwa mẹ́rin ṣe asẹ́ kan. Nígbà tá a dán an wò láàárọ̀, òkúta ṣì kún inú ìrẹsì. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ ra èyí tí wọ́n ti ṣà mọ́ ní Òkè-Ìlẹ̀wò, a sì sọ pé asẹ́ wa ló ṣe é.

Gúrúùpù Ṣẹ̀rìfá, ọmọ kíláàsì wa, ti sọ òótọ́ ṣáájú wa pé tiwọn ò ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Bá a ṣe jáde, Ṣẹ̀rìfá tọ̀ mí wá.

"Jọ̀ọ́, fi bẹ́ ẹ ṣe ṣe asẹ́ yẹn hàn mí. Màámi ń ta ìrẹsì, ojú wọn ò sì ríran tó láti ṣà á mọ́. Mo fẹ́ ṣe irú ẹ̀ fún wọn."

Mi ò lè purọ́ fún un. "Má bínú. Kò ṣiṣẹ́. Rírà la ra ìrẹsì yẹn."

Ó ní, "Mo sì ti pe Màámi lórí fóònù pé mo ti rí asẹ́ tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́."

Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ lọ́la. Àwọn mẹ́ta tó kù ní kí n panu mọ́, torí máàkì gbogbo wa ló máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dá àbá pé ká ra ìrẹsì náà.

Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?