Yìgì Tó Gba Basheerah Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Ilé kan náà ni èmi àti Àlímọ̀t ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yàrá tiẹ̀ kọjú sí tèmi. Èbúté Èrò ló ti ń ṣiṣẹ́. Á jókòó sórí àpótí láti àárọ̀, á máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà fáwọn tó ń tà á. N kò tíì rí obìnrin tí inú rẹ̀ mọ́ tó tiẹ̀. Mímọ́ inú náà ló sì kó bá a, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Basheerah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nígbà tí Àlímọ̀t àti Muqtadir ọkọ rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn àgbà agbolé Muqtadir pe àáfà, wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Àáfà ní ìyá ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́ ọmọ, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá so yìgì rẹ̀ fún ọkùnrin mìíràn, kí ọmọ padà sílé bàbá rẹ̀. Ìyá Àlímọ̀t ti kú, kò sí ìyá àgbà tí wọn ì bá gbé ọmọ fún. Àlímọ̀t ní òun gbà. Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní kó búra pé òun kò ní wo ojú ọkùnrin mọ́ láyé, á búra.

Ọdún méjì gbáko ni Muqtadir kò yọjú, bẹ́ẹ̀ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni, láti agbolé wọn ní Adéníji Adélé sọ́dọ̀ wa. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Basheerah bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, eyín rẹ̀ ká, ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ, bàbá rẹ̀ kò mọ ọ̀kankan.

Ìgbà yẹn ni Mùs'áb bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ Àlímọ̀t, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tún jẹnẹrátọ̀ ṣe. Òun ló ń kọ́ Basheerah ní ìṣirò. Mo sọ fún Àlímọ̀t pé kí wọ́n fi ìfẹ́ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n má so yìgì. Obìnrin kan nílé kejì sí wa ti ń gba ọkùnrin lálejò láti ọdún márùn-ún, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan. Àlímọ̀t wò mí bíi pé mo bú òun. Ó ní òun kò lè máa ṣe sìná kóun tún máa kírun. Ó ní yìgì lásán làwọn máa so, ní pálọ̀, láìpe èrò, láìṣe àsè wòlímọ̀. Ta ló máa gbọ́?

Wọ́n so ó lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àáfà kan àti ẹlẹ́rìí méjì péré ló wá, èmi ni mo gbé omi fún wọn. Nígbà tó di Jímọ̀, àáfà yìí kan náà dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó dárúkọ tọkọtaya tuntun, ó ṣàdúà fún wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Oore ló rò pé òun ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n Muqtadir wà nínú sáàfù láàárín àwọn tó wá kírun, ó ń ṣe àmín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Muqtadir fi dé pẹ̀lú àgbà méjì. Àlímọ̀t kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Muqtadir ń tẹ fóònù.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kó ẹrù ọmọ mi fún mi."

Basheerah di ilẹ̀kùn mú, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sì ń ṣí ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró, mo ń wò. Ojú ara mi tì mí.

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí kóòtù. Àlímọ̀t ní òun kò lè pe àwọn àgbà lẹ́jọ́. Ohun tó rò ni pé bó bá jẹ́ yìgì ló gba ọmọ, bí wọ́n bá tú yìgì, ọmọ á padà. Ó bẹ Mùs'áb kó kọ òun sílẹ̀. Ọkùnrin náà sunkún lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Àlímọ̀t wá gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lọ. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í padà, àfi bí bàbá bá yọ̀ǹda. Muqtadir kò yọ̀ǹda. Wọ́n fún Àlímọ̀t ní wákàtí méjì láti fi rí ọmọ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà agbolé wọn.

Mo tẹ̀lé e lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Basheerah ti ga sí i. Ó jẹ bisikíìtì tí ìyá rẹ̀ rà tán, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ ní tí Bọ̀dá Mùs'áb bá ti lọ, mo máa padà sílé. Ṣé wọn ò tíì lọ ni?"

Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí Mùs'áb ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àlímọ̀t gbọn èérún bisikíìtì kúrò láyà ọmọ náà.

"Wọn ò tíì lọ," ó ní. "Ó ku díẹ̀."